Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ojú Òpó Ayélujára fún Kíláàsì Yín

Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, fóònù tíṣà ò ní sinmi. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá wo lẹ fún wọn?" "Ṣé aṣọ eré ìdárayá ni wọ́n máa wọ̀ lọ́la?" Ìdáhùn ti wà lórí gúrúùpù WhatsApp kíláàsì láti Ọjọ́ Ẹtì, àmọ́ "ẹ kú ìsinmi" àti àdúrà oríṣiríṣi ti bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ojú òpó kíláàsì wà fún nìyẹn: ibì kan ṣoṣo tí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìdáhùn wà, tí àdúrà ẹnikẹ́ni ò ní bò ó. Kì í ṣe pátákó ìpolówó ilé-ìwé.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti JSS ni mo ní lọ́kàn jù, ẹni tó ní fóònù, tó lè rí kọ̀ǹpútà lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì ní owó tó fẹ́ san fún ẹni tó ń kọ́ ojú òpó.

Ìbéèrè ni ẹ máa kọ́kọ́ kó jọ

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ gbogbo ìbéèrè tí òbí bá bi yín sílẹ̀: èyí tí wọ́n bi yín lẹ́nu géètì, èyí tó wọlé lórí fóònù, èyí tí wọ́n rán ọmọ wá bi yín. Àwọn ọmọ náà ní tiwọn: "Tíṣà, ara mi ò yá lánàá, kí lẹ kọ́ wọn?" Bí ìbéèrè kan bá tún wá, ẹ fa ìlà kan síwájú rẹ̀. Ìbéèrè tí ìlà rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ló ni ojú ewé àkọ́kọ́. Lọ́pọ̀ kíláàsì, iṣẹ́ àṣetiléwá, ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ ìsinmi àti ohun tí ọmọ máa mú wá ni ẹ máa rí níwájú. Mi ò tíì gbọ́ òbí tó pe tíṣà láago mẹ́sàn-án alẹ́ láti béèrè ìtàn bí wọ́n ṣe dá ilé-ìwé sílẹ̀.

Ẹ yà á sórí ìwé

Ojú ewé mẹ́rin tó. Ẹ pe àkọ́kọ́ ní Ọ̀sẹ̀ Yìí. Òun ni ẹni tó bá tẹ líǹkì máa bá pàdé. Kàlẹ́ńdà sáà tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ Wa jẹ́ ti àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni nóòtì àti iṣẹ́ ìdánrawò máa wà, kí ẹni tí ibà dá dúró sílé má bàa máa yá ìwé kiri. Ìgbẹ̀yìn ni bí òbí ṣe lè kàn sí yín, pẹ̀lú wákàtí tí ẹ máa ń dáhùn. Ẹ kọ wákàtí yẹn o, kí wọ́n má bàa sọ òru yín di ọ̀sán.

Ohunkóhun tí ẹ ò bá lè máa tún ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìṣe wàhálà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà nísinsìnyí. Bí òbí bá débẹ̀ nínú oṣù Kẹta tó bá "Ẹ kú ọdún Kérésì", kò ní padà wá, ipè ló máa padà sí.

Ojú ewé Ọ̀sẹ̀ Yìí ló gba làákàyè jù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: "Ẹ káàbọ̀ sí ojú òpó kíláàsì wa, níbi tí a ti ń tọ́ àwọn aṣáájú ọ̀la." Òbí tó wà nínú dánfó, tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ, kò wá aṣáájú ọ̀la. Ẹ jẹ́ kó rí èyí:

*Ọ̀sẹ̀ kẹfà, sáà kejì*
*Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ìṣirò, ojú ewé 48, ìbéèrè 1 sí 6. Ọjọ́bọ̀ la máa gbà á.*
*Ẹ fún ọmọ ní: páálí kan àti gọ́ọ̀mù, fún iṣẹ́ ọnà ọjọ́ Ọjọ́rú.*
*Ìdánwò kékeré: Yorùbá, ọjọ́ Ẹtì. Àròkọ ni.*
*Ìpàdé òbí: ọjọ́ Ẹtì, aago méjì ọ̀sán.*

Ó tán. Bí àwọn òbí kan bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, ẹ kọ ọ́ lédè méjèèjì, ìkan lábẹ́ ìkejì. Gboard, àtẹ ìkọ̀wé Google fún fóònù, ní àtẹ Yorùbá tó máa ń jẹ́ kéèyàn fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Fún òbí tí kì í kàwé, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ ka ohun kan náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú líǹkì.

Ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ débẹ̀

Ẹ fi ìwé tí ẹ yà han ọ̀gá àgbà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fọ́ọ̀mù kékeré ránṣẹ́ sí òbí: ṣé wọ́n gbà kí fọ́tò ọmọ wọn hàn, àbí wọn ò gbà? Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ka ọ̀rọ̀ ọmọdé sí pàtàkì: níbi tí a bá ti nílò ìyọ̀ǹda, òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa fún wa, kì í ṣe ọmọ. Ẹni tí kò bá dá fọ́ọ̀mù padà kò tíì gbà nìyẹn.

Kódà bí wọ́n bá gbà, orúkọ ọmọ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fọ́tò. Ẹ má kọ àdírẹ́sì, ẹ má kọ aago tí ọmọ kan máa ń dá nìkan relé, ẹ má sì gbé èsì ìdánwò síbẹ̀. Àwọn tó jẹ gbèsè owó ilé-ìwé ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń lẹ orúkọ wọn mọ́ ògiri. Ti ògiri gan-an burú. Ti ayélujára kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni lè ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́, kó sì máa fi ṣe ọmọ yẹn ní yẹ̀yẹ́ títí tó fi máa wọ yunifásítì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ kọ̀.

Ibi tí ẹ máa kọ́ ọ sí

Google Sites, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún kíkọ́ ojú òpó, ni mo máa mú. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, òbí ò sì nílò pásíwọ̀ọ̀dù láti wò ó bí ẹ bá ti ṣí i fún gbogbo ayé. WordPress.com náà ní ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé ìpolówó sórí ojú òpó tí a kò sanwó fún, ẹ ò sì mọ ohun tí wọ́n máa polówó níwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ ṣí àkáǹtì Gmail tuntun fún kíláàsì náà, ẹ má lo tiyín. Wọ́n lè gbé tíṣà lọ sí ilé-ìwé mìíràn nígbàkigbà, ojú òpó kò sì yẹ kó bá a lọ. Àyè 15 GB tí Google ń fún àkáǹtì ọ̀fẹ́ ti pọ̀ ju ohun tí kíláàsì kan nílò lọ.

Ẹ lọ sí sites.google.com lórí kọ̀ǹpútà, ti kaféè náà dáa, bí ẹ bá ṣáà ti rántí jáde nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó dìde. Ẹ tẹ àmì àròpọ̀, ẹ kọ orúkọ kíláàsì, kí ẹ sì fi "Pages" dá ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ṣíṣe àtúnṣe Google Sites lórí fóònù máa ń ni èèyàn lára, bẹ́ẹ̀ sì ni fóònù ni ọ̀pọ̀ tíṣà ní. Nítorí náà, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí sórí Sites gan-an. Inú Google Docs, irinṣẹ́ ìkọ̀wé Google, ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ wá fi "Insert" gbé Docs yẹn sínú ojú ewé náà. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ẹ bá tún Docs ṣe lórí fóònù, èyí tó wà lójú òpó máa yí padà fúnra rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti máa ń há. Bí ẹ kò bá yí ètò Docs náà padà sí kí ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì lè kà á, ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa rí i; òbí máa bá ibi tí wọ́n ti ń ní kó tọrọ àṣẹ. Kíkà nìkan ni kí ẹ fún wọn o, kì í ṣe àtúnṣe.

Bí ẹ bá tẹ "Publish", wọ́n máa ní kí ẹ yan ìparí àdírẹ́sì. Kó kúrú, kí òbí lè fetí gbọ́ ọ kó sì tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè sọ fún Google pé kó má gbé ojú òpó yìí jáde fún àwọn tó ń wá nǹkan lórí ayélujára. Ẹ yàn án.

Dátà àwọn òbí

Fọ́tò tí fóònù òde òní bá yà lè tó 4 MB. Mẹ́wàá lójú ewé kan, 40 MB nìyẹn, owó òbí ló sì ń lọ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp láìyan HD, ó máa fúyẹ́ dáadáa. Èyí tó padà wá ni kí ẹ lò. Fọ́tò méjì fún ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ tó. Nóòtì tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ fúyẹ́ ju fọ́tò ojú pátákó lọ, ó sì ṣeé kà.

Ẹ dán an wò lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Kí ẹ tó kéde rẹ̀, ẹ wá òbí kan tó ń lo fóònù kékeré, bóyá ìyá tó ń tajà nítòsí ilé-ìwé. Ẹ fún un ní líǹkì, kí ẹ sọ pé, "Mà, ẹ bá mi wo ohun tí ọmọ máa mú wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú." Ẹ wá dákẹ́. Ẹ má nawọ́ tọ́ka sí nǹkan kan. Ibi tó bá ti dúró, tó bi yín pé "níbo ni mo máa tẹ̀?", ibẹ̀ lẹ máa tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan nínú kíláàsì náà dán an wò; àwọn ọmọ kì í fi bo.

Lẹ́yìn tí ó bá ti délẹ̀

Ẹ kéde rẹ̀ nípàdé òbí, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì náà mọ́ ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí kan ò ní fóònù tó ń wọ ayélujára: ẹ da ọ̀rọ̀ Ọ̀sẹ̀ Yìí kọ sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kí ọmọ wọn sì dà á kọ sínú ìwé rẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tó kúrò ní ilé-ìwé, ni àkókò tó dára jù láti tún un ṣe. Bí òbí bá ṣì béèrè lórí WhatsApp, líǹkì ni kí ẹ fi dá a lóhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ́ wọn lára. Níparí ọdún ẹ̀kọ́, ẹ pa fọ́tò àwọn ọmọ tó ń lọ rẹ́, ẹ yí pásíwọ̀ọ̀dù padà, kí ẹ fi tuntun lé ẹni tó máa gba kíláàsì náà lọ́wọ́.