Bí a ṣe lè fi igi dáná lórí ààrò láìsí èéfín púpọ̀

Igi tí kò tíì jó ni èéfín tí a ń rí lórí ààrò. Bí iná bá mú igi, èéfín ni ara rẹ̀ á kọ́kọ́ máa tú jáde, inú èéfín yìí gan-an sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ooru igi náà wà. Bí inú ààrò bá gbóná tó nǹkan bí 600°C, tí afẹ́fẹ́ sì ráyè dé ibẹ̀, èéfín náà á gbiná, ìdí ìkòkò sì ni ooru rẹ̀ á bá lọ. Bí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, ojú àti àyà ẹni tó ń dáná ni yóò gbà á, owó tó fi ra igi á sì bá èéfín lọ. Ọ̀rọ̀ náà ju ti owó lọ pàápàá: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé, láti ara igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn, ló ṣokùnfà ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn lágbàáyé. Àwọn ìyá wa àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn nídìí ààrò ni ó ń jẹ níyà jù.

Ara igi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Omi lè tó ìdajì ìwúwo igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, bẹ́ẹ̀ ni omi inú igi tó yẹ fún ìdáná kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Bí ẹ bá ki igi tútù bọ ààrò, omi inú rẹ̀ ni iná á kọ́kọ́ máa sè kí ó tó kan ọbẹ̀ yín. Ẹ wo ẹnu igi náà tó yọ síta: ẹ ó rí ìfófòó tó ń hó níbẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ tó ń dún ṣìì.

Ẹ la igi kí ẹ tó tò ó, nítorí pé èèpo kì í jẹ́ kí omi tètè jáde. Ojú ibi tí àáké là àti ẹnu igi méjèèjì ni omi ń gbà lọ. Kí ó má nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹ tò ó sórí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù kí ó má baà fara kan ilẹ̀, ẹ fi páànù bo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń fi tapólì wé igi yíká pinpin nítorí òjò ń sé omi mọ́ ọn nínú ni. Igi tí a là nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ sì fẹ́ sí títí di oṣù Ẹrẹ́nà, sábà máa ń ṣeé dá. Igi líle bí ayín á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹyín iná rẹ̀ kì í tètè kú. Bí ẹ bá fẹ́ ra igi, ẹ kan méjì mọ́ra: èyí tó gbẹ á dún kọ́kọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ á sì ti sán.

Lóòótọ́ ni pé ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ó máa ń da ooru nù, nítorí pé gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ẹ fi amọ̀ tí ẹ ti po koríko gbígbẹ mọ́ mọ ògiri yí i ká, kí ẹ sì fi ẹnu kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹ gbé irin pẹlẹbẹ kan sí agbedeméjì ẹnu yìí: orí rẹ̀ ni igi á máa gbà wọlé, abẹ́ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á máa gbà. Kí àlàfo tó ìbú ìka kan wà láàárín ìkòkò àti ògiri amọ̀ náà, kí ooru lè máa ra ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bó ṣe ń gòkè. Àdògán tó ní ihò nísàlẹ̀ dára pẹ̀lú, bí eérú kò bá ti dí ihò náà.

Ẹ kó eérú àná kúrò, kí ẹ fi ìṣẹ́pẹ́ gbígbẹ àti ògùṣọ̀ dáná. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì fi ọ̀rá tàbí pákó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà koná, nítorí pé májèlé wà nínú èéfín wọn. Nígbà tí iná bá ràn dáadáa, igi méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Orí wọn nìkan ni kí ó máa jó láàárín ààrò. Bí ó bá ti ń jó lọ, ẹ máa tì í síwájú díẹ̀díẹ̀. Bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ẹ má fi igi kún un. Ẹ fa ọ̀kan yọ, nítorí pé igi tó fún ẹnu ààrò pa kì í jẹ́ kí iná mí. Bí ìkòkò bá ti hó, ẹ dé e, kí ẹ sì dín iná kù.

Bí ẹ bá sè tán, ẹ fa àjókù igi jáde, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ pa á. Á tètè gbiná lọ́jọ́ kejì. Ẹ má ṣe gbé ẹyín iná wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́, bí kò tilẹ̀ rú èéfín kankan. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń ti ara rẹ̀ jáde, tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí, tó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni nídìí iná, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí èébì ń gbé e, ẹ tètè gbé e síta, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.