Àwọn àṣìṣe tó ń ba àga Windsor jẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà

Káfíńtà tó mọ tábìlì kàn dáadáa gan-an ló máa ń ba àga Windsor jẹ́, ìyẹn àga onígi tí wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ọ̀pá tín-ín-rín ẹ̀yìn rẹ̀ bọ ihò lára pákó ìjókòó. Ó ti mọ́ ọn lára kó ra pákó gbígbẹ, kó fi ayùn rẹ́ ẹ, kó lẹ̀ ẹ́ ní gúlúù, kó sì kan ìṣó mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣe àga yìí ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1750, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtì igi tútù ni wọ́n ń wá.

Ẹ má fi ayùn rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àga. Ayùn kò mọ ibi tí iṣan igi gbà, ńṣe ló máa ń gé e kọjá, ọ̀pá tí kò ju ìka ọwọ́ lọ yóò sì dá lọ́jọ́ tí ẹni tó sanra bá fẹ̀yìn tì í. Ẹ la igi hickory tàbí oak tútù, àwọn igi líle ilẹ̀ òyìnbó, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ méjì fá a tẹ̀lé iṣan rẹ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ náà ló ṣeé tẹ̀ tí ooru omi gbígbóná bá ti mú un rọ̀. Tí ẹ bá ti yọ ọ́ nínú ooru náà, ẹ má dúró takùrọ̀sọ o. Kò ní pé ìṣẹ́jú kan tí yóò ti máa le padà.

Oríkèé ló ń pa iṣẹ́ lára jù. Orí ẹsẹ̀ tó ń wọ inú ihò gbọ́dọ̀ gbẹ ju pákó ìjókòó lọ. Yóò fa ọ̀rinrin lára ìjókòó, yóò wú. Ìjókòó náà yóò máa gbẹ, yóò sì fún un pinpin. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ tútù bọ pákó gbígbẹ, kó máa retí ọyẹ́: àga á máa mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ri orí ẹsẹ̀ bọ iyanrìn gbígbóná kó lè gbẹ dénú. Igi pẹlẹbẹ tí ẹ ó gbá sí orí ẹsẹ̀ kó má bàa yọ, ẹ jẹ́ kó dábùú iṣan ìjókòó. Tó bá tò tẹ̀lé iṣan náà, ìjókòó ni yóò là sí méjì.

Ẹ má sì fi irú igi kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kó dán. Igi maple ló dára fún ẹsẹ̀, igi poplar tó rọ̀ ló ṣeé gbẹ́ ní ìjókòó. Nítorí pé àwọn igi náà kò bára mu ni àwọn ará Philadelphia ṣe ń kun àga wọn lọ́dà, àwọ̀ ewé ló sì pọ̀ jù. Ẹni tó ra ògbólógbòó àga Windsor tó wá ń ha ọ̀dà náà kúrò kí igi lè hàn, owó ló ń ha dànù: ọ̀dà àtijọ́ yẹn wà lára ohun tí àwọn tó ń kó àga àtijọ́ jọ ń sanwó lé.