Ẹ Má Da DVD Kọ Sórí Kásẹ́ẹ̀tì Bí Mo Ṣe Dà Á Kọ

Màmá wa àgbà ní Lafiaji ò fẹ́ gbọ́ nípa fóònù tàbí dísíìkì. Fídíò àtijọ́ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n mọ̀: wọ́n á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ bọ́tìnì kan, ó parí. Nígbà tí àbúrò mi fi DVD ìgbéyàwó ẹ̀ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí n bá wọn dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bà á jẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo so wáyà dáadáa: yẹ́lò fún àwòrán, pupa àti funfun fún ohùn, láti OUT ara DVD wá sí IN ara fídíò. Mo tẹ rẹ́kọ́dù, mo lọ sùn. Mi ò rántí yí fídíò kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n sí AV, ibi tó ti ń gba ohun tó ń gba inú wáyà wọlé. Ìròyìn alẹ́ àti ìpolówó ọṣẹ ni Màmá bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń retí ìyàwó. Ẹ gba ìṣẹ́jú márùn-ún péré sílẹ̀ ná, ẹ dá a padà sẹ́yìn, ẹ wò ó.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló rú mi lójú jù. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ìgbéyàwó náà mọ́ kedere. Nínú kásẹ́ẹ̀tì, àwòrán ń yí lọ sókè, kò sì ní àwọ̀ kankan. Ìlànà tí wọ́n fi ń to àwòrán tẹlifíṣọ̀n ní ìlà-ìlà ló fà á, kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. NTSC ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ìlà 525. PAL ni tiwa, ìlà 625. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí ń gba méjèèjì, fídíò àtijọ́ kì í sábà gbà á. Mo ti ń múra àtilọ ra òmíràn ní Alábà kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ní kí n wọ inú ètò (Setup) ẹ̀rọ DVD, kí n yí NTSC sí PAL. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ! Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti yí 16:9, àwòrán fífẹ̀, sí 4:3, ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo oníjó á gùn gbọọrọ bí òpó iná.

Bí àwòrán bá ń ṣókùnkùn, tó tún ń mọ́lẹ̀, á jẹ́ pé fíìmù ọjà lẹ fi sí i. Macrovision, ohun tí àwọn tó ṣe é fi dè é kẹ́nikẹ́ni má bàa dà á kọ, ló ń da fídíò láàmú. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó láti tú ẹ̀rọ yín. Fíìmù yẹn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, NEPA mú iná lọ, mo sáré tan jẹnẹrétọ̀. Fídíò tàn padà, àmọ́ kò gba nǹkan kan sílẹ̀ mọ́, èmi ò sì wo ẹ̀yìn wò. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 ń gba wákàtí 3. Ẹ má yí i sí LP, ìyẹn kí kásẹ́ẹ̀tì máa rọra yí, torí kó lè gùn sí i, àwòrán á burú.

Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti bu funfun, ọ̀rinrin Ìsàlẹ̀ Èkó kúkú pọ̀, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ, kó má bàa bà á jẹ́, torí tuntun ò rọrùn láti rí mọ́. Funai ti Japan, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe fídíò VHS, ti dáwọ́ dúró ní 2016.

Ẹ sì wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ike kékeré tó wà níbẹ̀, kò ní gba nǹkan sílẹ̀ mọ́, àfi kéèyàn lẹ sẹ́lótéèpù bo ihò náà. Èmi lẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ìròyìn yẹn, láìkọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Màmá bèèrè kásẹ́ẹ̀tì ìsọmọlórúkọ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn nìkan ló kù lára ẹ̀.