Ẹ Má Gé Aṣọ Tí Ẹ Kò Tíì Fọ̀, àti Àwọn Àṣìṣe Mìíràn Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Oníṣẹ́ Ọwọ́ Tó Ń Rìnrìn Àjò

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó máa dé ìlú tuntun tí kò ní béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta òwú. Aṣọ là ń wò lára àwọn tí a bá níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ là ń wò lọ́rùn wọn. Bí a bá sì padà délé, ọwọ́ ò ní sinmi títí a ó fi ṣe nǹkan, tí a ó ya àwòrán rẹ̀, tí a ó fi han àwọn tí ìfẹ́ wọn bá tiwa mu. Ìgbé ayé tó dùn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ń rí kì í ṣe ti àìmọṣẹ́. Ìkánjú ló ń fà á: èèyàn ti ń ro bí àwòrán ṣe máa rí kí òwú tó wọ ojú abẹ́rẹ́. Ohun tí ìkánjú bá bàjẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́, àwòrán ò lè tún un ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìsọ̀ òwú. Àwọ̀ kan wọ èèyàn lójú, ó ra bọ́ọ̀lù méjì, ó ní tó bá yá òun á mọ ohun tí òun máa fi ṣe. Nígbà tó bá yá, bọ́ọ̀lù méjì ò tó ìborùn, ká má tíì sọ súẹ́tà, ìsọ̀ náà sì ti wà lókè òkun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ sì ṣírò iye mítà tó máa gbà. Iye mítà ni mo wí, kì í ṣe iye bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kan tó wọn gíráàmù 50 lè gùn tó mítà 200 nítorí pé òwú rẹ̀ tín-ín-rín. Òmíràn tó wọn gíráàmù 50 bákan náà lè má ju mítà 80 lọ nítorí pé tirẹ̀ nípọn.

Lára ìwé pélébé tí wọ́n fi dì í, ẹ tún máa rí nọ́ńbà kan tó ń sọ ìkòkò aró tí òwú náà ti jáde. Gbogbo òwú tí wọ́n rẹ láró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń gba nọ́ńbà kan. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, orúkọ àwọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọ̀kan sì fi díẹ̀ dúdú ju èkejì lọ. Ẹ lè má rí i nínú ìsọ̀. Ìgbà tí ẹ bá hun ún dé àárín ẹ̀yìn ni ìlà kan máa là á kọjá gbọọrọ, gbogbo ẹni tó bá sì wò ó ló máa rí i. Bí irú òwú bẹ́ẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ yín ná, ẹ má parí ọ̀kan kí ẹ tó mú èkejì. Ẹ fi ọ̀kan hun ìlà méjì, kí ẹ fi èkejì hun ìlà méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ títí tí ojú ò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Òwú tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ láró kì í sábà ní nọ́ńbà rárá, nítorí náà ẹ ka bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tọ̀, kódà bí ẹ bá rà wọ́n lọ́wọ́ ẹnì kan náà lọ́jọ́ kan náà.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni aṣọ rere tí wọ́n gé láìfọ̀. Ẹ ti ru ú bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ojú ń kán yín, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, àlùmọ́gàjí sì wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń hun aṣọ òwú tí wọ́n sì ń ká a ní ilé iṣẹ́, ńṣe ni wọ́n ń fà á le. Ìgbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án ló máa padà sí bó ṣe yẹ kó wà, ohun tí à ń pè ní súnkì nìyẹn. Bó bá súnkì ní ìdá 5 nínú 100, mítà kan á pàdánù sẹ̀ǹtímítà 5. Lára ṣòkòtò, sẹ̀ǹtímítà 5 tó láti sọ èyí tó bọ́ sí ibi tó yẹ di èyí tó fò kọjá kókósẹ̀. Ó tún burú sí i bó bá jẹ́ oríṣi aṣọ méjì lẹ rán pọ̀, tí ọ̀kan súnkì tí èkejì dúró: gbogbo ojú rírán á hunjọ, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó máa nà án.

Bí ẹ ó ṣe máa fọ aṣọ náà lẹ́yìn tí ẹ bá rán an tán ni kí ẹ ṣe fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, kó jẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ rán etí rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n gé kí òwú má bàa tú sínú omi, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá wọ̀n ọ́n.

Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀lú rẹ láró nílò ìṣọ́ra tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ní. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí i ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni, ó sì máa ń wu èèyàn láti dúró wò ó. Ṣùgbọ́n àwọ̀ yìí kì í wọnú òwú lọ jìnnà, ara òwú ló ń lẹ̀ mọ́. Èyí tí kò lẹ̀ dáadáa á máa bọ́ sára awọ, sára àga, sára ohunkóhun tó bá fara kàn án. Ẹ mú aṣọ funfun kékeré, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ fi pa igun kan nínú rẹ̀ dáadáa. Bí funfun náà bá di búlúù, aṣọ yẹn ò tíì ṣe é rán mọ́ ohun funfun. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́.

Ní ti irun àgùntàn, omi gbígbóná àti gbígbò ni ọ̀tá rẹ̀. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí ló bo ara irun náà. Bí ooru bá ṣí wọn tí ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ sì ń gbò wọ́n, wọ́n á há mọ́ra wọn, kò sì sí ẹni tó lè tú wọn mọ́. Omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí. Ẹ má fún un bí ẹni ń fún ṣòkòtò iṣẹ́. Ẹ fi táwẹ́lì ká a, ẹ tẹ omi rẹ̀ jáde, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Bí ẹ bá fi í kọ́, ìwúwo omi á fà á gùn.

Àṣìṣe mìíràn tó jẹ mọ́ ọn ni kí èèyàn fo ìdánwò kékeré tó yẹ kó ṣáájú iṣẹ́ ńlá, ìyẹn ègé kékeré tí a kọ́kọ́ ń hun láti fi mọ bí ọwọ́ wa ṣe ń hun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń fà. Ká ní ìlànà iṣẹ́, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí a ṣe máa hun ún, sọ pé ojú ìhun 22 ló gbọ́dọ̀ wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, tí àyà súẹ́tà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100. Ojú 220 lẹ máa dá sórí abẹ́rẹ́. Bí ọwọ́ tiyín bá dẹ̀ díẹ̀, tó jẹ́ ojú 20 ló ń wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ojú 220 yẹn á fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 110. Ojú méjì péré ni ìyàtọ̀ níbi ìdánwò, àmọ́ lára ènìyàn, aṣọ ẹlòmíràn ni. Ẹ hun ègé ìdánwò tó ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ní òró àti ìbú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, àárín rẹ̀ ni kí ẹ sì ti wọ̀n, nítorí etí máa ń parọ́. Ẹni tó ń hun nǹkan lójú ọ̀nà tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ tó há sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́fà kì í hun bí ọwọ́ tó jókòó pẹ̀sẹ̀ nílé. Ẹ máa dá iṣẹ́ dúró lóòrèkóòrè kí ẹ tún un wọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ òfurufú, ẹ má gbà pé ohun tí wọ́n fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń lọ ni wọ́n máa fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àlùmọ́gàjí tí abẹ rẹ̀ kò tó íǹṣì 4 láti ibi tí wọ́n ti kàn án pọ̀ lè wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú yín. Ní Britain, sẹ̀ǹtímítà 6 ni òpin rẹ̀, íǹṣì 4 sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Kódà níbi tí òfin bá ti gbà á, ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Àlùmọ́gàjí tí ẹ fẹ́ràn, ẹ kó o sínú ẹrù ńlá pẹ̀lú ọ̀bẹ roboto tí ẹ fi ń gé aṣọ. Gúlù alágolo tó ń fọ́n jáde, tó sì lè gbiná, ẹ fi í sílé. Páwà báǹkì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù ìsàlẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá ṣì wà lórí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú gbogbo ojú rẹ̀ kí ẹ tó dé pápákọ̀. Bí wọ́n bá wá gba abẹ́rẹ́ náà, iṣẹ́ ò ní tú.

Àwọn aṣọ́bodè náà ní ohun tí wọ́n ń wá. Àdéhùn CITES, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington lọ́dún 1973 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975, ló ń darí òwò ẹranko àti igi tó lè parun láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Eyín erin, igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun, oríṣi iyùn kan àti igi líle kan wà nínú rẹ̀. Pé wọ́n ti gbẹ́ ẹ di bọ́tìnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ìyẹ́ ẹyẹ, igi tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀ àti èso gbígbẹ tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ tún máa ń fa ìbéèrè, torí kòkòrò tó lè bá wọn wọ̀lú. Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún hóró pupa kékeré olójú dúdú tí wọ́n ń sín sọ́rùn ọwọ́: májèlé wà nínú rẹ̀, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má sì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ọmọdé.

Ó wá ku fífi iṣẹ́ hàn. Ti àwòrán kò gba àlàyé púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù máa ń sọ funfun di pupa rúsúrúsú, nítorí náà ẹ gbé iṣẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, níbi tí oòrùn kò ti ràn sí i tààrà. Ẹ fi rúlà tàbí ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹ̀yìn ni ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ti ń rí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ibi tí ẹ bá wọ̀ sí lálejò, ẹ dúró kí ẹ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ohun tó wúwo jù ni kí a máa pe nǹkan ní ohun tí kò jẹ́. Ní Indonesia, wọ́n ń fi ìda ṣe ọnà bátíkì, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì fi iṣẹ́ náà sínú àkójọ ogún ìran ènìyàn lọ́dún 2009. Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá lọ́jà: èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ya ìda sí, èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ bàbà tẹ ìda sí, àti aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà sí láìsí ìda rárá. Ẹ yí aṣọ náà padà. Èyí tó rí ìda àti aró, àwọ̀ rẹ̀ máa ń wọ̀ ọ́ já, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí iwájú. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣí. Ní Britain, òfin kan tiẹ̀ wà láti ọdún 1993 pé kìkì aṣọ irun àgùntàn tí àwọn ará erékùṣù Outer Hebrides hun nílé ara wọn, tí òwú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rẹ láró tí wọ́n sì ran níbẹ̀, ló lè jẹ́ Harris Tweed. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ ẹ̀rọ han àwọn èèyàn tí ẹ sì pè é ní iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó jókòó ti ìda gbígbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a máa ná iṣẹ́ ọwọ́ ní ìnákúnàá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ọjọ́ tó gbà, kí ẹ fi iye ọjọ́ náà pín owó tí wọ́n dá lé e, kí ẹ tó la ẹnu. Bí apá yín ò bá ká a, ẹ ra èyí tó kéré. Ìlànà iṣẹ́ tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ má ya ojú ìwé rẹ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ẹ fi í ṣe ni kí ẹ fi hàn, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí ẹnì kan bá kọ́ yín lọ́nà tí wọ́n ń gbà ṣe nǹkan nílé rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó fẹ́ kí ojú òun hàn nínú àwòrán, bóyá ó fẹ́ kí ẹ dárúkọ òun, àti bóyá apá kan wà nínú iṣẹ́ náà tí wọn kì í fi han ará ìta. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i kí ẹlòmíràn tó rí i. Bó bá ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́.