Bí A Ṣe Ń So Rìsífà, Sípíkà àti Dikódà Mọ́ Tẹlifíṣọ̀n Nílé

Ẹ má tíì ki wáyà iná bọ sókẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ yí rìsífà (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn àti àwòrán, tó sì ń gbé ohùn lọ sí sípíkà) sẹ́yìn, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ti wọlé. Rìsífà tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, fólítì 120 ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Ti Jàpáàn jẹ́ 100. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230. Bí ẹ bá ki irú rẹ̀ bọ iná wa tààrà, kò ní pẹ́ jó. Step-down, ìyẹn tiransifọ́mà tó ń dín fólítì iná kù, ni ẹ máa lò, kí agbára rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rìsífà: bí wọ́n bá kọ 400 síbẹ̀, ẹ má ra èyí tó kéré sí 800 VA. Wáàtì ńlá tí wọ́n ń kọ sára páálí kọ́ la ń wò. Àwọn sitabiláísà kan ní ihò 110 lára. Ẹ lè lò ó fún ti Amẹ́ríkà bí agbára rẹ̀ bá tó. Bí wúfà yín bá ní wáyà iná tirẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn òun náà.

Sípíkà ló kàn, kò sì gbọdọ̀ sí iná lára ohunkóhun nígbà tí ẹ bá ń so ó. Ẹ wá iye ohm (bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó) lára sípíkà àti lẹ́yìn rìsífà. Ọ̀pọ̀ rìsífà ló ń fẹ́ 6 sí 16 ohm, ṣùgbọ́n àwọn sípíkà kéékèèké tó máa ń bá hómù tíátà inú páálí wá sábà jẹ́ nǹkan bíi 3. Ẹ má so wọ́n mọ́ rìsífà ọ̀tọ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Rìsífà á gbóná, á máa kú fúnra rẹ̀, nígbà tó bá yá á bàjẹ́ pátápátá.

Wáyà rírọ̀ onípàá méjì tó jẹ́ 1.5 mm tó fún mítà 10. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ lo 2.5 mm. Ẹ fi abẹ ha orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ẹ bó orí wáyà ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré, kí ẹ lọ́ ọ pọ̀ dáadáa. Bí irun wáyà kan ṣoṣo bá yọ tó fara kan ìkejì, rìsífà á kú lójú ẹsẹ̀, á sì kọ PROTECT. Pupa lọ sí pupa, dúdú lọ sí dúdú. Bí ẹ bá gbé ti ẹyọ kan yí, kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohùn tó nípọn á pòórá, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀.

Sípíkà àárín máa ń wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, torí òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Bí ìjókòó yín bá jìnnà tó mítà 3, kí ti ọ̀tún àti ti òsì fi mítà 2.5 sí 3 jìnnà síra wọn. Àwọn méjì ti ẹ̀yìn, ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, kí wọ́n sún díẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n sì ga tó etí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Wúfà kò ní wàhálà: wáyà RCA kan (irú wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò ti DVD) láti SUBWOOFER PRE OUT lẹ́yìn rìsífà lọ sí LFE tàbí LINE IN lára rẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnnì CROSSOVER ara wúfà dé òpin, kí ẹ wá fi 80 Hz sí crossover inú rìsífà, kí ohùn tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ máa lọ sí wúfà.

Síso àwòrán àti ohùn

Ẹ jẹ́ kí dikódà, DVD àti ẹ̀rọ géèmù gba ara HDMI (wáyà kan tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀) wọ inú rìsífà, kí HDMI kan ṣoṣo jáde lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Ìdí ni pé tẹlifíṣọ̀n mìíràn, bí ohùn 5.1 (ti sípíkà márùn-ún àti wúfà kan) bá wọ inú rẹ̀, ohùn ọ̀nà méjì péré ló máa tú jáde. Ihò tí wọ́n kọ ARC sí lára tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ lò, kí ẹ so ó mọ́ HDMI OUT tí wọ́n kọ ARC sí lẹ́yìn rìsífà. Ihò mìíràn á gbé àwòrán, ṣùgbọ́n ohùn tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kò ní padà sí rìsífà. ARC sábà máa ń fẹ́ kí ẹ tan CEC (ètò tó ń jẹ́ kí wọ́n máa darí ara wọn) lára ẹ̀rọ méjèèjì. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SimpLink, Sony ń pè é ní Bravia Sync. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ yan Auto tàbí Bitstream. Bí ẹ bá fi sórí PCM, tó sábà máa ń jẹ́ ohùn ọ̀nà méjì níbẹ̀, sípíkà ẹ̀yìn lè dákẹ́ pátápátá.

Bí rìsífà bá ti dàgbà tí kò ní ARC, ẹ lo wáyà optical (èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn) láti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yọ ìdérí kékeré orí rẹ̀, ẹ má sì ṣẹ́ ẹ po. Ó ń gbé Dolby Digital 5.1, ṣùgbọ́n kò lè gbé Dolby TrueHD, ohùn tó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dikódà tàbí DVD àtijọ́ tó jẹ́ wáyà aláwọ̀ mẹ́ta nìkan ló ní ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ọ̀pọ̀ rìsífà kì í yí àwòrán wáyà yẹ́lò sí HDMI. Torí náà, ẹ mú yẹ́lò lọ sí tẹlifíṣọ̀n tààrà, kí pupa àti funfun lọ sí rìsífà.

Bí nǹkan bá yiwọ́

Bí àwòrán 4K kò bá yọ rárá, ó ṣeé ṣe kí rìsífà má ní HDCP 2.2, ètò ìdáàbòbò tí fídíò 4K ń béèrè. Ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà, kí ohùn gba ARC padà. Bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú, ẹ wo wáyà HDMI: tó bá ti gùn ju mítà 5 lọ, 4K máa ń ni í lára.

Bí ariwo hùùù bá ń jáde, ẹ yọ wáyà díìṣì lẹ́yìn dikódà. Bó bá dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Ẹ ki gbogbo ẹ̀rọ bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan náà. Ẹ má gé ẹsẹ̀ áàtì kúrò láé, nítorí ó lè gbẹ̀mí èèyàn. Bó bá jẹ́ pé orí ìnífátà nìkan ló ti ń kùn, irú iná tí ìnífátà náà ń tú jáde ló fà á. Èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ohùn bá ń ṣáájú ẹnu òṣèré, ẹ wá A/V Sync tàbí Lip Sync nínú rìsífà, kí ẹ máa fi 20 mílísẹ́kọ́ńdì kún un títí yóò fi bára mu.