Má Dí Ilé Adìẹ Pa Nítorí Ọyẹ́

Ọyẹ́ ọdún kan, mo ra tapólì ní Sábó, mo fi wé ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé mi l'Ìkòròdú láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń di ẹrù ọjà. Àánú wọn ló ṣe mí. Ní ìdájí, gbogbo wọn wú bí ìrọ̀rí, wọ́n dúró lẹ́sẹ̀ kan, wọ́n ki ẹnu bọ abẹ́ apá. Nígbà tí mo ṣí tapólì lọ́jọ́ kẹta, òórùn tó jáde ta sí mi lójú ju àlùbọ́sà lọ, omi sì ń kán láti ara rẹ̀ sí wọn lẹ́yìn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń sín, wọ́n ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Nínú 12, 4 kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ká sókè yẹn, ooru ara ni wọ́n fi ń tọ́jú. Iyẹ́ tó wú, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀, aṣọ òtútù wọn nìyẹn. Ara àgbà adìẹ gbóná tó 41°C, ó ju tiwa lọ. Ní Kánádà níbi tí omi ti ń di yìnyín nínú abọ́, adìẹ tó ti hu iyẹ́ tán ń la òtútù já nínú ilé tí kò níná, bí ilẹ̀ bá ti gbẹ tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ lù wọ́n. Ogbe orí àkùkọ ni òtútù sábà máa ń bà jẹ́. Kí wá ni ti Ìkòròdú, tí oòrùn á ti máa jóni kó tó di ọ̀sán? Ìgbẹ́ tó rin ló ń mú ámóníà jáde, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóòórùn tó ta sí mi lójú lọ́jọ́sí, òun ló sì ń jẹ wọ́n lọ́nà ọ̀fun. Ìhà àríwá tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá nìkan ni kí ẹ dí, kó má sì kan òrùlé.

Ti òròmọdìẹ yàtọ̀ o. Wọn ò tíì níyẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru bíi 32 sí 35°C ni wọ́n ń fẹ́, ká máa dín in kù bíi 3°C lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkòkò èédú ti ń wọlé. Ẹni tó gbé èédú sí yàrá tó ti fèrèsé pa, èéfín tí kò lóòórùn, tí ojú kò rí, ló ń fi pa wọ́n, àti ara rẹ̀ bó bá sùn síbẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ náà: bí wọ́n bá ṣùjọ tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n lanu, ooru ti pọ̀.

Ká wẹ̀ fún adìẹ nítorí eruku ọyẹ́? Rárá. Súwẹ́tà bíi ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ̀rín pa mí. Súwẹ́tà ń tẹ iyẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kó wú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti adìẹ Kérésì. Ẹ óò ra mẹ́ta lọ́jà, ẹ óò jù wọ́n sáàárín ti ilé lọ́jọ́ kan náà, lásìkò ọyẹ́ tí lúkúlúkú ń jà. Àrùn yìí, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, kò ní oògùn tó ń wò ó sàn. Àjẹsára rẹ̀ ni kí ẹ ti fún wọn kí ọyẹ́ tó dé. Kí adìẹ àlejò dá wà fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán.

Lójú tèmi, òtútù òjò oṣù Keje tilẹ̀ burú ju ti ọyẹ́ lọ, torí ó ń rin ilẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀ igi tó wà nílẹ̀ ilé adìẹ, ẹ fún un pọ̀. Bó bá dì bí èbà lọ́wọ́ yín, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dà nù kí ilẹ̀ tó ṣú.