Honda Kì Í Bàjẹ́? Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Àwa Onímọ́tò Lówó

Bí ẹ bá dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tòkúnbọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora. Ẹnì kan á ní Honda kì í bàjẹ́, òun ti lo tòun fún ọdún mẹ́wàá, táyà àti bíréèkì nìkan lòun ń pààrọ̀. Ẹni tó dúró tì í á ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Honda létí òun mọ́, nítorí owó tí gíà ti jẹ lọ́wọ́ òun. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Mọ́tò tí oníkálukú ń sọ ni kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà H kan náà ló wà níwájú wọn.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti mọ́tò, orúkọ la máa ń gbọ́ kí a tó wo ohunkóhun. Mo fẹ́ràn mọ́tò yìí gan-an, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó kó owó àjọ tàbí owó gírátúítì lé Accord, tí adìyẹ wá ń sùn sábẹ́ rẹ̀ lọ́gbà mẹkáníìkì kí oṣù mẹ́fà tó pé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbéèrè kan péré ni kò bi ẹni tó tà á fún un.

Ríra orúkọ dípò mọ́tò

Ẹni tó ni orúkọ náà kò gbójú lé orúkọ. Soichiro Honda, tí wọ́n bí lọ́dún 1906 nítòsí Hamamatsu ní ilẹ̀ Japan, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. (Lọ́dọ̀ tiwa, Ògún kan náà ló ni alágbẹ̀dẹ àti awakọ̀, nítorí náà ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi.) Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Tokyo. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ríìngì písítìn. Ó gbé 50 síwájú Toyota kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, 3 péré ló yege. Ó lọ ń jókòó ní kíláàsì láàárín àwọn ọ̀dọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ó lè mọ ohun tó ń ṣe irin òun. Bọ́ǹbù ba ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nígbà ogun, ilẹ̀ mímì ọdún 1945 wó èyí tó kù, ó sì ta ohun tó ṣẹ́ kù fún Toyota. Lẹ́yìn ogun, ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun fi ń mú rédíò wọn ṣiṣẹ́ ló rà, tó ń so mọ́ kẹ̀kẹ́, kí ó tó dá Honda Motor sílẹ̀ lọ́dún 1948.

Alùpùpù ló kọ́kọ́ sọ wọ́n di olókìkí. Super Cub tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1958, iye tí wọ́n ti ṣe jáde pé 100 mílíọ̀nù ní 2017. Alùpùpù náà ló kọ́kọ́ gbé wọn dé Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ní ilé-iṣẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ọdún 2015 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Accord níbẹ̀.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni ti H1300, mọ́tò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1969. Soichiro fọwọ́ sọ̀yà pé afẹ́fẹ́ ni yóò máa mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, kì í ṣe omi. Mọ́tò náà wúwo níwájú, ó gbówó lórí láti ṣe, kò sì tà. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ta kò ó, wọ́n ní omi ni ọ̀nà àbáyọ. Nígbẹ̀yìn, ó gbà fún wọn. Omi ló ń mú Civic tutù nígbà tó jáde lọ́dún 1972, ẹ́ńjìnnì CVCC tí wọ́n sì fi sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà kọjá òfin èéfín ilẹ̀ Amẹ́ríkà láìlo catalytic converter, ẹ̀rọ tó ń sọ èéfín mọ́tò di mímọ́, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ibẹ̀ ń sọ pé kò ṣeé ṣe. Bí olùdásílẹ̀ bá lè gbà pé òun ṣìnà, kí ló dé tí àwa tí a ń fi owó wa rà á fi ń búra pé Honda kì í ṣìnà?

Níní ìgbàgbọ́ pé gbogbo Accord ló jọra

Àwa fúnra wa la fún wọn ní ìnagijẹ. Accord 2003 ni End of Discussion, èyí tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe ní 2006 ni Discussion Continues, ti 2008 sì ni Evil Spirit. Ìnagijẹ dùn mọ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara òde nìkan ló ń júwe. Kò sọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo End of Discussion dáadáa. Oní-plug mẹ́rin wà, oní-plug mẹ́fà tí à ń pè ní V6 náà wà. Ní ọdún 2004, Honda pe mọ́tò bíi mílíọ̀nù kan àti 100,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí gíà ọ́tò wọn. Epo kì í dé ara gíà kejì tó, ó máa ń gbóná jù, eyín rẹ̀ lè kán, gíà náà sì lè há mọ́ra lójijì nígbà tí mọ́tò wà lórí eré. Accord V6 ti 2003 àti 2004 wà nínú rẹ̀, Odyssey ti 2002 sí 2004 wà nínú rẹ̀, Pilot ti 2003 àti 2004 pẹ̀lú, àti àwọn Acura (orúkọ tí Honda fi ń ta mọ́tò olówó gọbọi rẹ̀) bíi TL àti MDX ti ìgbà náà. Accord oní-plug mẹ́rin kò sí lára wọn. Ẹni tó ń yin End of Discussion lè jẹ́ oní-plug mẹ́rin, ẹni tó ń bú u lè jẹ́ oní-plug mẹ́fà, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà dójú alẹ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra mọ́tò gíà ọ́tò lórí kí wọ́n kàn tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ wà á títí tí yóò fi gbóná dáadáa, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ gun òkè, kí ẹ dúró, kí ẹ tún gbéra. Gíà tó ti rẹ̀ máa ń fi ara pamọ́ nígbà tí epo inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ẹ kò lè wà á kọjá géètì, ẹ fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún un.

“Epo gíà ni epo gíà”

Ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì kan sọ fún mi gan-an nìyí. Mo fọkàn tán an, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi tún mọ́tò ṣe. Ó da èyí tó ṣẹ́ kù nínú ike sínú Accord mi, epo tó fi ń ṣe oríṣi mọ́tò mìíràn. Kò tó oṣù mẹ́rin tí gíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jánà, bí ó bá ń ti ìkejì bọ́ sí ìkẹta, orí mi á mì. Lọ́jọ́ tí ó kọ̀ láti gbéra mọ́, òjò ń rọ̀, àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé mo ní ẹ̀bi nínú rẹ̀: ike náà wà níwájú mi, n kò ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ epo fi le báyìí ni pé gíà ọ́tò Honda ìgbà yẹn kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yòókù. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù, gíà kéékèèké ló máa ń yí ká gíà kan láàárín. Honda lo ọ̀pá tó dúró ní ìbú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi ti gíà tí a ń fi ọwọ́ yí, ó sì ní epo tirẹ̀ tó fẹ́: Z1 nígbà kan, DW-1 ló rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ipá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u kí ó dà, kí wọ́n rọ tuntun sí i, kí ẹ wà á díẹ̀, kí wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí bí wọ́n bá tú u lẹ́ẹ̀kan, kò tó ìdajì epo inú rẹ̀ tó ń jáde.

Àṣìṣe kékeré kan tún wà tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á rí títí mo fi ka ìwé tó bá mọ́tò wá. Lára Toyota, wọ́n máa ń wọn epo gíà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Lára Honda, ẹ ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ ó pa á lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ó sì fa ọ̀pá náà jáde láàárín 60 sí 90 ìṣẹ́jú-àáyá. Mẹkáníìkì tó bá wọn tiyín bí ó ṣe ń wọn Toyota á rò pé ó dín, á rọ èyí tó pọ̀ jù sí i.

Àìmọ̀ bóyá bẹ́líìtì ni tàbí ṣéènì

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹ́ńjìnnì. Timing belt, èyí tó ń yí fáàlù inú ẹ́ńjìnnì, ni mo ń sọ. Accord oní-plug mẹ́rin láti 2003, ṣéènì ló ń yí fáàlù rẹ̀. Accord oní-plug mẹ́rin ti 1998 sí 2002, bẹ́líìtì ni. Gbogbo Accord V6 ìgbà náà, bẹ́líìtì ni. Ọ̀pọ̀ Civic 2001 sí 2005, bẹ́líìtì. Láti 2006, ṣéènì. CR-V àkọ́kọ́ tó parí ní 2001, bẹ́líìtì. Láti 2002, ṣéènì.

Ti V6, ìwé wọn ní kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì ní 105,000 máìlì tàbí ọdún 7. Mọ́tò tòkúnbọ̀ ti kọjá méjèèjì kí ó tó gun ọkọ̀ ojú omi. Bí bẹ́líìtì bá já, písítìn á gbá fáàlù, fáàlù á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì Belgium ló kù tí ẹ ó máa wá kiri. Àwọn kan máa ń ní “kò tíì pariwo.” Bẹ́líìtì kì í pariwo kí ó tó já.

Yíyọ thermostat dànù

“Ooru ilẹ̀ wa pọ̀, kò yẹ kí mọ́tò ní in.” Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu mẹkáníìkì tó gbọ́n, tó sì láàánú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ thermostat ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó ń fẹ́, kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà mọ́tò á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa da epo bẹntiróòlù sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mọ́tò bá ń gbóná jù, ẹ wá ohun tó fà á: fáànù ni, rédíétọ̀ ni, omi tó ń jò ni. Civic 1.8 ti 2006 sí 2008, pẹ̀lú àwọn kan nínú ti 2009, irin ẹ́ńjìnnì wọn gan-an lè sán, kí omi máa jò. Honda gbà bẹ́ẹ̀, ó sún wáráńtì wọn, ìlérí àtúnṣe ọ̀fẹ́, dé ọdún 10. Omi ẹ̀rọ lásán tí a ń bu sí rédíétọ̀ máa ń jẹ irin aluminiọ́mù díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ ra coolant, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀.

Evil Spirit náà ní tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè máa mu ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì wò lọ́ṣẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ má dúró de iná pupa. Ẹ má sì da ọ́ìlì 20W-50 tó ki sínú ẹ́ńjìnnì tí ìwé rẹ̀ ní 5W-20 nítorí pé ẹnì kan ní “ó ti gbó.” Agbára ọ́ìlì tó ń sáré ni VTEC, ètò tí Honda fi ń yí bí fáàlù ṣe ń ṣí padà, fi ń ṣiṣẹ́, ihò tó sì ń gbà kọjá kéré.

Fífi ojú kéré airbag

Mo fi èyí sẹ́yìn nítorí òun ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Airbag tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe fún Honda àti fún àwọn mìíràn, kẹ́míkà ammonium nitrate ló ń fẹ́ ẹ. Bí kẹ́míkà náà bá gbé nínú ooru àti ọ̀rinrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ó bá bú, kì í fẹ́ àpò nìkan, ó máa ń fọ́ irin tó wà ní àyíká rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ó sì ta á sí ojú àti ọrùn ẹni tó ń wà á. Èèyàn ti kú nínú ìjàǹbá kékeré tí kò yẹ kó ju kí bọ́ńpà tẹ̀ lọ. Ọdún 2008 ni Honda kọ́kọ́ pe àwọn kan padà. Takata wọko gbèsè ní 2017.

Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n má tilẹ̀ wa àwọn Honda àti Acura kan tí wọ́n ṣe láàárín 2001 sí 2003 títí wọn yóò fi tún un ṣe, nítorí airbag wọn lè bú sí ẹni lójú bíi ìdajì ìgbà tó bá ṣí. Civic àti Accord ti 2001 àti 2002 wà níbẹ̀, CR-V 2002, Odyssey 2002, Pilot 2003. Ẹ wo orúkọ wọ̀nyẹn. Mọ́tò tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta nìwọ̀nyẹn. Ooru àti ọ̀rinrin tí wọ́n ń bẹ̀rù ní Florida, ojoojúmọ́ ló wà lọ́dọ̀ wa.

VIN ni nọ́ńbà oní-lẹ́tà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ibi ìwakọ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1HG, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe mọ́tò náà. Bí ó bá jẹ́ JHM, Japan ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, á sì sọ fún yín bóyá ìpè-padà kan wà lórí mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà tí wọn kò tíì ṣe. Bí ó bá wà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aṣojú Honda, kí ẹ béèrè fún àtúnṣe airbag ní pàtó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra airbag àlòkù fún yín ní Ladipo. Ó lè jẹ́ Takata inú mọ́tò mìíràn tí wọ́n tú ni wọ́n fẹ́ gbé sí iwájú àyà yín.